Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Àrùn Rọpárọsẹ̀ Lára Àwọn Ọ̀dọ́

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó kà nípa àrùn kan tí kò sí àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Òun ni àrùn rọpárọsẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní ẹ̀gbà.

Bí àrùn yìí bá mú àgbàlagbà, àwọn ènìyàn á ní, "Ọjọ́ orí ló dé." Bí ó bá mú ọ̀dọ́ ńkọ́? Wọ́n á ní, "Ayé ló ṣe é." Nígbà mìíràn, wọn a máa gbé ọ̀dọ́ náà káàkiri, láti ilé kan sí òmíràn, títí àkókò tí ìtọ́jú ìbá fi ṣe é ní àǹfààní yóò fi kọjá.

Ohun kan ni ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kí á mọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ tí ó bá ènìyàn ní òjijì lè ti máa bọ̀ láti ìgbà èwe. Ọ̀nà kan tí ó ń gbà bọ̀ ni ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá yìí kì í dunni, kì í yúnni, kì í sì í mú ara gbóná. Àyẹ̀wò ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà sì wí pé, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

1. KÍ NI ÀRÙN RỌPÁRỌSẸ̀?

Ọpọlọ ni ó ń darí gbogbo ara. Òun ni ó ń sọ fún ẹsẹ̀ pé kí ó rìn, fún ọwọ́ pé kí ó di nǹkan mú, fún ahọ́n pé kí ó sọ̀rọ̀.

Ọpọlọ kò tóbi. Bí a bá pín ìwọ̀n ara àgbàlagbà sí ọ̀nà 100, ọpọlọ kò ju nǹkan bí ọ̀nà 2 lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo afẹ́fẹ́ rere tí ara ń lò, ọpọlọ nìkan ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ yìí lọ bá a. Inú iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń gba inú páìpù. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, apá ibi tí kò dé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ọ̀nà méjì ni àrùn rọpárọsẹ̀ ń gbà ṣẹlẹ̀.

Èkíní: iṣan dí. Nǹkan dí ojú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ kò sì lè kọjá.

Èkejì: iṣan bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde sínú ọpọlọ, ó sì bà á jẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sábà ń bẹ́ iṣan. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ń dí iṣan. Ti ọ̀rá yìí ni a fẹ́ kà jù lónìí, ṣùgbọ́n a kò ní gbàgbé ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé àwọn méjèèjì a máa rìn pọ̀.

2. KÍ NI KỌLẸ́SÍTẸ́RỌ́Ọ̀LÙ?

Orúkọ ọ̀rá tí a ń sọ yìí ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ẹ pè é díẹ̀díẹ̀: kọ-lẹ́-sí-tẹ́-rọ́ọ̀-lù. Ó rí bí ìda.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í ṣe májèlé. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyókù ń wá láti inú ẹran, ẹyin, wàrà àti àwọn oúnjẹ mìíràn tí ó ti ara ẹranko wá. Ara nílò rẹ̀. Ara ń fi í ṣe òróòro tí ó ń da ọ̀rá inú oúnjẹ. Ara tún ń fi í ṣe àwọn èròjà tí ó ń mú ọmọkùnrin di ọkùnrin, tí ó sì ń mú ọmọbìnrin di obìnrin. Bí ó bá pọ̀ jù ni ọ̀ràn dé.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé epo àti omi kì í pò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà bí omi. Ọ̀rá dà bí epo. Báwo ni ọ̀rá ṣe wá ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀? Ó ní ọkọ̀ tí ń gbé e. Oríṣi ọkọ̀ méjì ni ó yẹ kí á mọ̀.

LDL ni ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù káàkiri ara. Bí ọkọ̀ yìí bá pọ̀ jù, wọn a máa já ẹrù sí ibi tí kò yẹ, ìyẹn ara ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀.

HDL ni kólẹ̀-kódọ̀tí. Ó ń ṣa èyí tí ó ṣẹ́kù, ó sì ń kó o padà sí ẹ̀dọ̀.

Nítorí náà, LDL ni a kò fẹ́ kí ó pọ̀. HDL ni a kò fẹ́ kí ó kéré jù.

3. BÍ IṢAN ṢE Ń DÍ

Ẹ wo páìpù omi tí ó ti pẹ́. Lójú òde, ó dára. Bí a bá gé e, a ó rí i pé ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ojú ihò rẹ̀ sì ti kéré. Iṣan ẹ̀jẹ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan yàtọ̀ sí páìpù ní ọ̀nà kan: ọ̀rá kì í kàn lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ó ń wọ inú ògiri rẹ̀ lọ.

Bí LDL bá ti wọ inú ògiri iṣan, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà yóò wá gbé e mì. Wọn yóò yó débi pé wọn kò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibẹ̀ yóò di òkìtì kékeré. Ẹni náà ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jó lóde ijó. Kò mọ ohunkóhun.

Ní ọjọ́ kan, ojú òkìtì náà lè ya. Ara yóò rò pé ọgbẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dì lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ nínú iṣan ọrùn tàbí ti orí, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè dí iṣan níbẹ̀, tàbí kí ó já, kí ó sì lọ dí iṣan kékeré nínú ọpọlọ. Ìṣẹ́jú kan ni ó fi ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni ó lè ti fi ń bọ̀.

4. ṢÉ LÓÒÓTỌ́ NI Ó Ń MÚ Ọ̀DỌ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rí méjì.

Ẹ̀rí kìíní wá láti ojú ogun Kòríà. Ní ọdún 1953, àwọn dókítà Amẹ́ríkà mẹ́ta, Enos, Holmes àti Beyer, kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Wọ́n ti yẹ ọkàn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà 300 tí wọ́n kú sí ojú ogun náà wò. Ọdún 22 ni ọjọ́ orí wọn, bí a bá pín in dọ́gba. Alágbára ni wọ́n. Ogun ni ó pa wọ́n, kì í ṣe àìsàn. Síbẹ̀, bí a bá mú 100 nínú wọn, nǹkan bí 77 ni ó ti ní àmì àrùn yìí nínú iṣan ọkàn. Ti àwọn kan kéré. Ti àwọn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ojú iṣan pátápátá. Irú ọ̀rá tí ó ń ba iṣan ọkàn jẹ́ náà ni ó ń ba iṣan ọrùn àti ti orí jẹ́.

Ẹ̀rí kejì wá láti ilé wa níhìn-ín. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Nàìjíríà àti Ghana kó ara wọn jọ, wọ́n pe iṣẹ́ wọn ní SIREN. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ní ọdún 2018, wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí jáde. Wọ́n wo ènìyàn 2,118 tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò mú.

Nínú 2,118 yìí, 515 ni kò tí ì pé ọmọ 50 ọdún. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin. Nínú àwọn 515 náà, iṣan bẹ́ lórí àwọn 270. Iṣan dí lórí àwọn 245. Nínú àwọn tí iṣan wọn dí, bí a bá mú ẹni 10, iṣan ńlá tí òkìtì ọ̀rá ti bà jẹ́ ni ó fà á fún ẹni 4.

Kí ni wọ́n rí pé ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí? Èkíní ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Èkejì ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò sí ní ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni àtọ̀gbẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, ìdààmú ọkàn, àti àrùn ọkàn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú nǹkan wọ̀nyí ni ènìyàn lè wọ̀n, kí ó sì ṣe nǹkan sí.

A kò sọ pé ọ̀rá ni ó fa gbogbo rẹ̀. Àrùn síkù sẹ́ẹ̀lì, fún àpẹẹrẹ, lè mú kí iṣan ọpọlọ ọmọ kékeré dí. Dókítà ni yóò wádìí ohun tí ó fà á lára ẹnì kọ̀ọ̀kan.

5. NỌ́Ọ̀SÌ ÀTI AWAKỌ̀

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè. Kí ẹnì kan ṣe nọ́ọ̀sì, kí ẹlòmíràn ṣe awakọ̀.

AWAKỌ̀: Ẹ káàsán, mà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Káàsán, ọmọ mi. Jókòó. Kí ló ń ṣe ọ́?

AWAKỌ̀: Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, mà. Ẹgbẹ́ wa ló ní kí gbogbo awakọ̀ ṣe àyẹ̀wò. Ìwé rẹ̀ ló jáde yìí. Mo kà á, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó ń lọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: O kà á fúnra rẹ? Ó mà dára o. Kà á sókè kí n gbọ́.

AWAKỌ̀: "Total cholesterol, 248. LDL, 171. HDL, 38. Triglycerides, 195."

NỌ́Ọ̀SÌ: O kà á re. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?

AWAKỌ̀: Ọmọ ọdún 32 ni mí, mà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Àpapọ̀ tí kò yẹ kó tó 200 ti di 248. LDL rẹ pọ̀ jù. HDL rẹ kò tó.

AWAKỌ̀: Ṣùgbọ́n ara mi le, mà! Èmi tí mò ń na Ìbàdàn sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́!

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo gbọ́. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ṣé kì í sáré ni?

AWAKỌ̀: Ó ń sáré, mà. Ìgbà tí a bá fẹ́ dúró la tó ń mọ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́ yẹn. Kí lo máa ń jẹ lójú ọ̀nà?

AWAKỌ̀: Ìrẹsì ni, mà, pẹ̀lú ẹran mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tó bá dalẹ́, súyà. Mo tún máa ń fa sìgá díẹ̀ kí oorun má baà kùn mí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?

AWAKỌ̀: Wọ́n ti kú, mà. Ọmọ ọdún 49 ni wọ́n. Wọ́n ṣubú lóko, apá kan ara wọn rọ, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú. Àwọn ará ilé ní ẹ̀gbọ́n wọn ló ṣe é. Láti ìgbà náà, àwa àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í kí ara wa.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó mà ṣe o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ò lè sọ ohun tó pa bàbá rẹ, nítorí mi ò yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi: ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ a máa rìn nínú ìdílé. Àbúrò mélòó lo ní?

AWAKỌ̀: Mẹ́ta, mà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Sọ fún wọn kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò. Kí o sì sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pẹ̀lú.

AWAKỌ̀: Àwọn tí a ò bá sọ̀rọ̀, mà?

NỌ́Ọ̀SÌ: Àwọn náà ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín. Ó yá, na apá rẹ kí n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n. Ó rí 146 lórí 94. Ó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kò yàtọ̀. Ó fi awakọ̀ náà ránṣẹ́ sí dókítà.

6. BÍ A TI Ń KA ÌWÉ ÀYẸ̀WÒ

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ má ṣe ká ìwé àyẹ̀wò yín sápò láìkà á. Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà kéékèèké tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Bí ó bá jẹ́ mg/dL, nọ́ńbà yóò tóbi, bí 180 tàbí 220. Bí ó bá jẹ́ mmol/L, nọ́ńbà yóò kéré, bí 4.7 tàbí 5.7. Òṣùwọ̀n méjì fún ohun kan náà ni, bí a ti ń fi máìlì tàbí kìlómítà wọn ọ̀nà.

Total cholesterol ni àpapọ̀. Kí ó má tó 200 mg/dL, ìyẹn 5.2 mmol/L. Bí ó bá tó 240 mg/dL, ó ti ga jù.

LDL dára bí kò bá tó 100 mg/dL, ìyẹn 2.6 mmol/L. Bí ó bá tó 160 mg/dL, ó ga. Bí ó bá tó 190 mg/dL, ìyẹn 4.9 mmol/L, ó lè jẹ́ àjogúnbá, ẹ má sì fi falẹ̀ rárá.

HDL kò yẹ kí ó dín ní 40 mg/dL lára ọkùnrin, tàbí 50 mg/dL lára obìnrin.

Triglycerides ni oríṣi ọ̀rá mìíràn. Kí ó má tó 150 mg/dL. Ọtí àmujù àti ṣúgà àmujù a máa gbé e sókè.

Nọ́ńbà wọ̀nyí kò dá ẹjọ́ tán. Dókítà yóò fi wọ́n pẹ̀lú ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti ìtàn ìdílé kí ó tó sọ ohun tí a ó ṣe.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò? Láti ọmọ 20 ọdún ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kí á tún un ṣe láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀ ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kí ó tó pé ọmọ 55 ọdún, tàbí tí ìyá rẹ̀ tàbí arábìnrin rẹ̀ ní in kí ó tó pé ọmọ 65, kò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ rárá. Àwọn kan wà tí a bí ọ̀rá púpọ̀ mọ́. Nínú nǹkan bí 300 ènìyàn, a lè rí ẹnì kan bẹ́ẹ̀. Ó lè tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, kí LDL rẹ̀ sì ga. Nítorí náà, sísanra nìkan kọ́ ni àmì.

7. OÚNJẸ WA

Bí ẹ bá lọ sí ọjà, ẹ ó rí ike òróró tí wọ́n kọ "No cholesterol" sí lára. Ó túmọ̀ sí pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó nǹkan nínú òróró kankan tí a fún láti ara èso. Ẹ má ṣe san owó lé e nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohun tí ó yẹ kí á wò ni irú ọ̀rá tí ó wà nínú òróró. Ẹ rántí epo pupa nígbà ọyẹ́: ó máa ń dì. Òróró ẹ̀pà kì í tètè dì bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tí ó máa ń dì pọ̀ nínú epo pupa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àdí àti òróró àgbọn. Ó wà nínú bọ́tà, nínú ọ̀rá ẹran àti nínú awọ adìyẹ. Kì í ṣe pé ọ̀rá yìí ń dì nínú ara wa, nítorí ara gbóná. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ.

A kò ní kí ẹ má jẹ epo mọ́. Ẹni tí ó bá ní kí Yorùbá má jẹ epo, ta ni yóò gbọ́? Ohun tí a ń sọ nìyí:

Ẹ fi ṣíbí wọn epo sínú ọbẹ̀. Ẹ má ṣe dà á láti inú ìgò. Ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ léfòó sókè kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún iṣan.

Ẹ gé ọ̀rá kúrò lára ẹran, kí ẹ sì bó awọ adìyẹ. Ẹ dín ẹran kù, kí ẹ fi ẹja kún un. Ṣàwá tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n dára.

Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ilá àti èso. Ohun kan wà nínú wọn tí ó ń bá wa kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jáde nínú ara.

Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ tútù lójoojúmọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú. Kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju epo inú rẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe máa fi òróró kan náà dín nǹkan léraléra títí yóò fi dúdú.

Ẹ má ṣe bu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti sè tán. Iyọ̀ gbogbo ọjọ́ kan kò yẹ kí ó kọjá ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ kì í fa ọ̀rá, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè.

8. ÌṢE WA ÀTI OÒGÙN

Sìgá ń ba ògiri iṣan jẹ́, ó sì ń dín HDL kù. Ẹni tí ó bá jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè.

Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ń ran ọkàn àti iṣan lọ́wọ́. Awakọ̀, télọ̀ àti oníṣòwò tí ó ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ó nílò rẹ̀ jù.

Nígbà mìíràn, oúnjẹ àti ìrìn kò ní tó, pàápàá fún ẹni tí ó jogún àìsàn yìí. Dókítà lè fún un ní oògùn tí a ń pè ní státíìnì. Oògùn yìí ń dín LDL kù, ó sì ń dín ewu rọpárọsẹ̀ kù. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín nítorí pé àyẹ̀wò kejì dára. Oògùn náà ni ó mú un dára. Bí ẹ bá dá a dúró, LDL yóò tún gòkè. Bí iṣan ara bá ń dun yín, ẹ sọ fún dókítà. Kí obìnrin tí ó lóyún, tàbí tí ó ń retí oyún, sọ fún dókítà kí ó tó lò ó.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń polówó nínú ọkọ̀ pé àgbo àwọn ń fọ iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ méje. Ohun tí ó gba ogún ọdún láti dì kì í tú ní ọjọ́ méje. Bí ẹ bá ń lo àgbo kankan, kí dókítà mọ̀.

9. BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sórí, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín: OJÚ, APÁ, Ọ̀RỌ̀, ÀKÓKÒ.

OJÚ: Sọ pé kí ó rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan?

APÁ: Sọ pé kí ó na apá méjèèjì síwájú. Ṣé ọ̀kan ń wálẹ̀?

Ọ̀RỌ̀: Sọ pé kí ó tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́yìn rẹ. Ṣé ahọ́n rẹ̀ wúwo, tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yéni?

ÀKÓKÒ: Bí ẹ bá rí ẹyọ kan nínú wọn, ẹ wo aago. Ẹ kọ àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé iṣan dí, oògùn kan wà tí ó lè tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán inú orí láti rí i pé kì í ṣe pé iṣan bẹ́. Nítorí èyí, ẹ má ṣe fún un ní asipirín-ìn nílé. Bí iṣan bá bẹ́, asipirín-ìn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i.

Ẹ má ṣe rọ epo, àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́, nǹkan náà yóò sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí kò bá mọ nǹkan mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.

Bí àmì náà bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ńkọ́? Ẹ ṣì gbé e lọ. Ìkìlọ̀ ni. Èyí tí ó tóbi lè máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àdúrà dára, ẹ gbà á nínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù: ọ̀rá tí ó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀.
LDL: ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń já ọ̀rá sí ògiri iṣan bí ó bá pọ̀ jù.
HDL: kólẹ̀-kódọ̀tí tí ó ń kó ọ̀rá padà sí ẹ̀dọ̀.
Iṣan ẹ̀jẹ̀: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ara.
Státíìnì: oògùn tí ó ń dín LDL kù.

ÌBÉÈRÈ

1. Ọ̀nà méjì wo ni àrùn rọpárọsẹ̀ ń gbà ṣẹlẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín LDL àti HDL?
3. Kí ni àwọn dókítà rí lára àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú ní Kòríà?
4. Nínú ènìyàn 2,118 tí SIREN wò, mélòó ni kò tí ì pé ọmọ 50 ọdún?
5. Kí ni ó dé tí nọ́ọ̀sì fi ní kí awakọ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀?
6. Kí ni ó dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ fún aláìsàn ní asipirín-ìn nílé?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín sí i. Ẹ kọ àìsàn tí ẹ mọ̀ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, àti ọjọ́ orí tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè. Nígbà tí ẹ bá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ fi ìwé náà han dókítà. Ìwé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ yìí lè gba ẹnì kan là nínú ìdílé yín.